Ìwé Crowther Wà Lọ́fẹ̀ẹ́, Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wa Wà Lábẹ́ Àgádágodo

Ẹni tó bá ní fóònù àti dátà díẹ̀ lè ka gírámà àti ìwé-ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1852 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsan kọ́bọ̀. Ó wà lórí Internet Archive. Ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá fẹ́ ka àpilẹ̀kọ tí onímọ̀ kan kọ lórí ohùn nínú èdè Yorùbá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àfàìmọ̀ kí ó má bá ojú-ìwé kan pàdé tí yóò ní kí ó mú nǹkan bí 30 tàbí 40 dọ́là wá kí ó tó lè rí ju ìsọníṣókí lọ.

Ìdí rẹ̀ kò le. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní iye ọdún tó máa ń lò. Bí ọdún náà bá ti pé, ìwé di ti gbogbo ayé. Crowther kú ní 1891, Johnson kú ní 1901, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi òfin dí wa lọ́wọ́ láti ka ìwé wọn. Àwọn tó ṣì wà láyé, tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì, tí a ń kí ní ẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́, ni a kò lè ka iṣẹ́ wọn.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ìwé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ́ka sí, torí pé òun ni a rí. Olùkọ́ á fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí a lọ wá iṣẹ́ tuntun kà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni wá. Ọ̀lẹ wà láàárín wa lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àká mọ́ síta, tí ebi wá ń pa, kò yẹ kí a pè é ní ọ̀lẹ.

Èrò mi ni pé ìwádìí tí a bá fi owó ìlú ṣe, tí a sì fi ẹnu ará ìlú kó jọ, ti ará ìlú ni. Ó yẹ kí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa gan-an ló sì yẹ kí ó ṣáájú, torí pé kò rọrùn láti rí ẹ̀ka mìíràn tí gbèsè rẹ̀ sí ará ìlú pọ̀ tó tiwa.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń gbé iṣẹ́ wọn sórí arXiv láti 1991, kí jọ́nà kankan tó tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ti pàdé ní Budapest gbé ìkéde kan jáde tó sọ ohun tí open access jẹ́: kí ẹnikẹ́ni lè ka iṣẹ́ náà, kí ó lè gbà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó lè pín in fún ẹlòmíràn, kí ó sì lè lò ó fún iṣẹ́ tirẹ̀, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti 2008 ni òfin ti sọ pé ìwádìí ìlera tí àjọ NIH bá fi owó ìjọba gbé dìde gbọ́dọ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ìwé kíláàsì, OpenStax ti Yunifásítì Rice ti ń gbé ìwé físíìsì, báyọ́lọ́jì, ètò ọrọ̀-ajé àti ìmọ̀ àwùjọ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2012. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka físíìsì ní Àkúngbá lè fi ìwé kan náà kàwé pẹ̀lú ẹni tó wà ní Houston. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá ní Àkúngbá kò ní irú oore bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó ṣe ń rìn nínú ọ̀rọ̀ jọ́nà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti mọ bí nǹkan ṣe rí. Bí yunifásítì bá jẹ́ ti ìjọba, ìjọba ni ń san owó oṣù olùkọ́. Olùkọ́ fi àkókò tí a san owó fún yìí ṣe ìwádìí, ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Jọ́nà fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn náà ṣe é, wọn kì í sábà gba nǹkan kan. Òǹkọ̀wé pàápàá kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, ó fọwọ́ sí ìwé kan tó gbé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé. Atẹ̀wé wá yí padà, ó tà á fún ilé-ìkàwé yunifásítì tí olùkọ́ náà ti jáde wá. Ó dà bí kí àgbẹ̀ gbin iṣu sí oko ara rẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò bá a wú u, kí ó gbé gbogbo rẹ̀ fún alágbàtà lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá máa ra iṣu náà ní owó gọbọi lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kò yọ olówó sílẹ̀. Ní 2019, Yunifásítì California, tí kò sí ẹni tó máa pè é ní tálákà, dá àdéhùn òun pẹ̀lú Elsevier dúró torí owó àti torí pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó fẹnu kò sí àdéhùn tuntun ní 2021. Bí erin bá ń sunkún ẹrù, kí ni kí ewúrẹ́ ṣe?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ máàkì àti iṣẹ́ àṣekágbá nìkan ni èyí, kí ó wo Làìbéríà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Bernice Dahn, tó jẹ́ olórí àwọn dókítà ní iléeṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè náà, àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ méjì kọ àròkọ kan sí ìwé ìròyìn New York Times. Àpilẹ̀kọ kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ará Jámánì kọ ní 1982. Àwọn yẹn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà kan wò, wọ́n rí àmì Ebola nínú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a ka Làìbéríà mọ́ àwọn ibi tí àrùn náà lè ti bẹ́ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn wà nínú jọ́nà ilẹ̀ Yúróòpù fún ọdún tó lé ní 30, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ kò gbọ́. Àwọn òǹkọ̀wé náà ní dókítà tó bá fẹ́ ka ọ̀kan nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ní Làìbéríà yóò san 45 dọ́là, èyí tó sún mọ́ owó iṣẹ́ ìdajì ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn náà pa ènìyàn tó lé ní 11,000 ní Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone.

N kò sọ pé àpilẹ̀kọ kan ni ìbá dá Ebola dúró. Ilé ìwòsàn kò tó, dókítà kò tó, ogun sì ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ ní Làìbéríà tipẹ́tipẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ará Làìbéríà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, ará Làìbéríà ni kò sì lè kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa kú nítorí pé kò rí àpilẹ̀kọ lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì kà. Ṣùgbọ́n níbo la ti ń rí ohun tí a ń kọ? Lẹ́nu ọdẹ tó ń sun ìjálá ni, lẹ́nu ìyàwó ilé tó mọ oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀, lẹ́nu babaláwo, lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣì ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ tàbí ti Ọ̀wọ̀ bí ó ṣe yẹ kí a sọ ọ́. A ó mú fóònù dání, a ó gbé obì àti ọtí dání, a ó kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀, wọn á sì bá wa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n á ní, "Ẹ má jẹ́ kó parun o, ọmọ mi." Wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé wọ́n rò pé a fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ wọn. Àpilẹ̀kọ á jáde nílùú òkèèrè, olùkọ́ á gba ìgbéga, ọdẹ á kú. Nígbà tí ọmọ ọmọ ọdẹ náà bá wọ yunifásítì, tó fẹ́ ka ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ sọ, wọ́n á ní kí ó mú dọ́là wá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbọ́ ló yẹ kí a gbé síta. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí babaláwo bá sọ ohun kan fún wa tó sì ní kí ó má jáde, kò gbọ́dọ̀ jáde, yálà sínú jọ́nà ọ̀fẹ́ tàbí jọ́nà olówó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda pé kí a tẹ̀, tí a sì ti tẹ̀, kò sí ìdí tí ọmọ oyìnbó tó ní ilé-ìkàwé olówó fi gbọ́dọ̀ lè kà á kí ọmọ ẹni tó sọ ọ́ má lè kà á.

Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi hàn pé a lè ṣe nǹkan sí i. Jọ́nà Lingua wà lára àwọn tó lórúkọ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, Elsevier ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní 2015, Johan Rooryck tó jẹ́ olóòtú àgbà, àwọn olóòtú yòókù àti ìgbìmọ̀ wọn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bèèrè pé kí jọ́nà náà ṣí sílẹ̀ ní owó tí kò ga, tí atẹ̀wé kò sì gbà. Wọ́n dá jọ́nà tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní Glossa, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ènìyàn tó wà lẹ́yìn jọ́nà, àwọn tó ń kọ̀wé àti àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ni jọ́nà. Bí wọ́n bá dìde, orúkọ lásán ló kù.

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò tí àwọn ènìyàn máa ń mú wá, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn.

Èkínní ni pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni. Kí n tó sọ èyí, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa. Owó oṣù yín kò tó nǹkan, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, àwa la sì ń jókòó sílé nígbà tí ẹ bá ń yanṣẹ́ lódì nítorí rẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn àròsọ, ẹni tó kọ eré-onítàn, ẹni tó fi òru ọdún mẹ́rin kọ ìwé gírámà fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n ta ìwé wọn, kí a sì rà á. Ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ìwé wọn ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì ń jalè ni. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kì í ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé rẹ̀ kì í rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, yálà ẹgbẹ̀rún ènìyàn rà á tàbí ẹnì kan. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, kò pàdánù ohunkóhun, àwọn tó máa kà á tí wọ́n á sì tọ́ka sí i nìkan ló máa pọ̀ sí i. Kí a má da oúnjẹ òǹkọ̀wé pọ̀ mọ́ èrè atẹ̀wé.

Èkejì ni pé jọ́nà ọ̀fẹ́ kò níyì, pé jọ́nà arúmọjẹ ni wọ́n. Jọ́nà arúmọjẹ wà lóòótọ́, wọ́n sì ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sórí í-meèlì pé kí o san owó, àpilẹ̀kọ rẹ á sì jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwà arúmọjẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìlẹ̀kùn tó ṣí. Ọjà tí ayédèrú oògùn wà náà ni oògùn gidi wà, ohun tí a ń ṣe ni pé a ń wo nọ́ńbà NAFDAC. Àkójọ kan wà tó ń jẹ́ Directory of Open Access Journals, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Swídìn ní 2003. Wọ́n máa ń yẹ jọ́nà wò kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bí a ṣe ń wò ó.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Àwọn atẹ̀wé ńlá ti rí i pé ayé ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n sì ti gbé owó náà kúrò lọ́rùn òǹkàwé sí ọrùn òǹkọ̀wé. Nígbà tí jọ́nà Nature kéde owó tí òǹkọ̀wé yóò san láti 2021 kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀, 9,500 yúró ni. Ẹ fi owó yẹn wé owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà kí ẹ wò ó. Irú ìṣísílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí a lè kà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a lè kọ. A ó di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún, tí òun kò lè fèsì. N kò fara mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí òǹkàwé kò san owó, tí òǹkọ̀wé náà kò sì san. Brazil ti fi ọ̀nà yìí hàn wá. Láti 1998 ni SciELO ti ń fi owó ìlú gbé àwọn jọ́nà ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè Potogí, èdè Sípéènì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Látìn Amẹ́ríkà ti darapọ̀, Gúúsù Áfíríkà náà sì ti darapọ̀. Wọn kò dúró de oyìnbó kí ó fún wọn láyè. Wọ́n mọ̀ pé bí ìjọba bá ti san owó ìwádìí, owó kékeré ló kù láti fi gbé e síta.

Níbi tí èdè wa dé lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ tún ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Masakhane bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ láti máa túmọ̀ àwọn èdè Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn, JW300 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àkójọ gbólóhùn tí a kó láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti mú un kúrò nílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ìwé náà. Ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí a láṣẹ láti lò. Àwọn kan sì ti jókòó ṣe MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 20,000, tí àmì ohùn wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi ṣe ìwádìí. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ Yorùbá bí ẹni tí eyín ń dùn lónìí, ara ìdí rẹ̀ ni pé èyí tó dára jù nínú ohun tí a ti kọ ní Yorùbá wà lábẹ́ àgádágodo.

Ìdí kan náà ni n kò fi ka PDF orí WhatsApp sí ojútùú. Gbogbo wa ń lò ó. Ẹnì kan á ya àwòrán ìwé olójú-ewé 200, ojú-ewé 47 á sọnù, ìka ẹni tó yà á á bo àmì ohùn mọ́lẹ̀, a ó sì máa pín in láti sẹ́ṣọ̀n dé sẹ́ṣọ̀n. Ó ń gbé wa kọjá ìdánwò, ṣùgbọ́n a kò lè tọ́ka sí i ní gbangba, a kò lè tún un ṣe, a kò lè fi kọ́ ẹ̀rọ, bí fóònù ẹni tó ni í bá sì bàjẹ́, ó ti lọ nìyẹn.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣófo pátápátá. Yunifásítì Àpapọ̀ Aláìlógiri, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NOUN, gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù fún ẹnikẹ́ni láti gbà, àwọn kan nínú wa tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ti fi kàwé. Studies in African Linguistics, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yoruba Studies Review ti Yunifásítì Florida. Language Science Press ní Berlin ń tẹ odidi ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jáde lọ́fẹ̀ẹ́, òǹkọ̀wé kì í sì í san owó. Ẹni tí kò bá tíì mọ àwọn wọ̀nyí nínú ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, kí ó wá wọn lónìí kí dátà rẹ̀ tó tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà: Florida, Berlin. Ó yẹ kí ilé Yorùbá náà ní tirẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ni mo gbé kalẹ̀ fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, kò sì sí èyí tó nílò owó TETFund nínú wọn.

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa gbé ẹ̀dà àpilẹ̀kọ yín sínú àká ìwé yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ló gbà kí òǹkọ̀wé gbé ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò síta, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Kí a ka ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i, kí a sì lo àyè tó wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè bá olùkọ́ mẹ́wàá ṣe é láàárín ìsinmi kan.

Èkejì, kí iṣẹ́ àṣekágbá tó bá gba máàkì tó dára máa lọ sínú àká náà, bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbà. Nísinsìnyí, inú páálí lẹ́yìn ọ́fíìsì ni wọ́n wà, ikán ló ń kà wọ́n. Ẹ̀ka-èdè tí ẹnì kan kọ nípa rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun lónìí, ìwé inú páálí yẹn sì lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù.

Ẹ̀kẹta, kí jọ́nà ẹ̀ka wa bọ́ sórí Open Journal Systems, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tí àwọn jọ́nà káàkiri ayé ń lò. Kí a fi ìwé àṣẹ Creative Commons sí i kí ó hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú fọ́ńtì Unicode. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ láyé fọ́ńtì àtijọ́ ló dùn ún wò lójú, ṣùgbọ́n bí a bá wá "ọ̀rọ̀" nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kò sí. Ìwé tí a kò lè wá nǹkan rí nínú rẹ̀ kò tíì ṣí tán.

Ẹ̀kẹrin kan àwa akẹ́kọ̀ọ́. Kí a yan kọ́ọ̀sì kan ní ìpele kìn-ín-ní, fonọ́lọ́jì Yorùbá fún àpẹẹrẹ. Kí olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà fọwọ́ sí ètò ìwé, kí a pín orí rẹ̀ láàárín àwa tó wà ní ìpele kẹrin, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kí sẹ́ṣọ̀n tó ń bọ̀ tún un ṣe. Àwọn ọmọ tuntun ìpele kìn-ín-ní kò ní máa ra hándáùtì tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀ títí tí "ẹ" àti "e" fi di ọ̀kan náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn kan máa sọ pé yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe òfin kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Òfin dára, ó sì yẹ kí ó wá. Ṣùgbọ́n àwọn olóòtú Lingua kò dúró de òfin kí wọ́n tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Crowther náà kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó fi Yorùbá sínú ìwé. Ní báyìí, ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lè jókòó sábẹ́ igi kí ó ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a lè ka tiyín náà báyìí, nígbà tí ẹ ṣì wà láyé, tí a ṣì lè kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín kí a bi yín léèrè ohun tí kò yé wa.